Ata Ló Ń Mọ́ni Lára: Ìdáhùn fún Ìyá Ìbejì ní Òkè-Fíà

Ìyá Ìbejì kọ̀wé sí wa láti Òkè-Fíà, Òṣogbo. Ọmọ àbúrò wọn kan, ọmọbìnrin tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, ti wà lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà ọdún Ọ̀ṣun tó kọjá, kí Yorùbá lè dán mọ́rán lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ náà ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń dà á láàmú. Ó fẹ́ sọ pé ata ilé yìí kì í ta òun bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ó ní, "Mo ti mọ́ ata lára." Lọ́jọ́ mìíràn ó ní, "Mo lò láti jẹ búrẹ́dì ní gbogbo àárọ̀." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ó parí síbẹ̀. Èyí tí kò parí ni ti ìyá àgbà. Ọmọ kúnlẹ̀ kí wọn tán lálẹ́, ó wá fi tìfẹ́tìfẹ́ sọ pé, "Màmá, ẹ ti di bárakú fún mi." Màmá ò dá a lóhùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n bi Ìyá Ìbejì léèrè bóyá àìsàn ni ọmọ yẹn ń pe òun.

Ìbéèrè wọn ni pé, kí ló yẹ kí ọmọ náà sọ? Kí sì ni ìyàtọ̀ láàárín kí nǹkan mọ́ni lára, kó di bárakú, àti kí èèyàn fara mọ́ ọn? Ìyá Ìbejì ní Yorùbá ni wọ́n fi tọ́ òun dàgbà, òun mọ̀ ọ́n sọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ ní kí òun ṣàlàyé, ẹnu òun wọ́.

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ kọ́kọ́ bá wa bẹ Màmá. Ọmọ ò bú wọn, ọ̀rọ̀ ló ṣì lò, a ó sì dé orí ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ti ibi ata bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ yín mọ ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí kò mọ̀ ni ẹni tó yẹ kó ṣíwájú nínú gbólóhùn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ dàgbà, èèyàn ló ń ṣíwájú: èmi ni mo ń kọ́ ata jíjẹ, èmi ni mo sì borí rẹ̀. Yorùbá ò rò ó bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ata ló ń ṣiṣẹ́. Ata ló ń wá bá èèyàn láràárọ̀ lálaalẹ́, títí tí yóò fi rí àyè lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé, "Ata ti mọ́ mi lára." Ata ló ṣáájú, èmi wà láàárín, ara mi ló gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá ní òun ti mọ́ ata lára ti yí i po: òun ló lọ bá ata, ata ni kò sì lè ṣe kó má rí òun lójúmọ́. Ẹ̀rín tí ilé yín rín nìyẹn, bẹ́ ẹ tilẹ̀ ò mọ ohun tó pa yín lẹ́rìn-ín.

Ẹ wo mọ́ yìí fúnra rẹ̀. Òun náà ló wà nínú lẹ̀ mọ́, so mọ́, dì mọ́, rọ̀ mọ́, kàn mọ́, sún mọ́. Níbi gbogbo tí ẹ bá ti bá a pàdé, nǹkan méjì ló ti fara kanra. Òṣogbo ìlú aró lẹ wà; ẹ lè fi ọwọ́ aláró han ọmọ náà. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ ìkòkò, ọṣẹ lásán á fọ̀ ọ́ kúrò. Nígbà tó bá ti ń rẹ aṣọ lọ́dún lé ọdún, ẹ wo ìdí èékánná rẹ̀: aró ti dúró síbẹ̀, kò sì sí ìgbà kan tí ìyá náà jókòó pinnu pé kí ọwọ́ òun máa jẹ́ aláwọ̀ aró. Bí nǹkan ṣe ń mọ́ni lára nìyẹn. Kò sí ìpinnu níbẹ̀. Ìgbà ló ń ṣe é.

Ohun tó lè ṣíwájú pọ̀. Ó lè jẹ́ orúkọ lásán: "Òórùn irú ò mọ́ ọmọ náà lára, ńṣe ló ń fi ọwọ́ dí imú nígbà tí a dé Ọjà-Ọba." Ó lè jẹ́ ìṣe tí a sọ di orúkọ: "Gèlè wíwé ò mọ́ mi lára." Ó tún lè jẹ́ ó lásán, kí àlàyé tẹ̀ lé e: "Ó ti mọ́ mi lára kí n máa jí ní aago márùn-ún." Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dára. Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í dájọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àdúrà lè mọ́ni lára, irọ́ pípa lè mọ́ni lára, ìyà pàápàá ń mọ́ni lára. Bí àwọn àgbà bá fẹ́ kìlọ̀, wọ́n á fi ẹ má jẹ́ kún un. Ìyá tuntun tó bá ń gbé ọmọ pọ̀n ní gbogbo ìgbà tó bá ti ké, ẹ máa gbọ́ tí wọ́n á sọ fún un pé, "Má jẹ́ kí ẹ̀yìn mọ́ ọmọ yìí lára o." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pọn méjì mọ ìyẹn ju èmi lọ.

Wàyí o, ohùn. Ibí yìí ni mo máa ń dúró pẹ́ sí bí mo bá ń kọ́ ọmọ tí kò dàgbà sínú èdè, torí mọ̀ àti mọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, etí rẹ̀ ò sì tíì yà wọ́n. "Mo mọ̀ ọ́n lára" ni pé mo ń rí i bó ṣe ń ṣe mí nínú ara. Ibẹ̀ ni a ti rí ìmọ̀lára. "Ó mọ́ mi lára" ni èyí tí a ń bá bọ̀. Àṣírí kan wà tí yóò ràn án lọ́wọ́: kó má tẹ́tí sí mọ nìkan, kó tẹ́tí sí mi tó tẹ̀ lé e. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá wà nísàlẹ̀, mi á gòkè: ó mọ̀ mí. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá wà lókè, mi á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀: ó mọ́ mi. Ẹ kọ ọ́ lórin fún un. "Ó mọ̀ mí" ni mí dò mí. "Ó mọ́ mi lára" ni mí mí re mí re. Ohun kan náà ló fi jẹ́ pé mọ̀ ọ́n àti mọ́ ọn ni a ń kọ sílẹ̀, ekíní nípa ẹni tí a mọ̀, èkejì nípa ẹni tí nǹkan mọ́ lára. Yín nìkan ni kì í yí padà: ó mọ̀ yín, ó mọ́ yín lára, òkè ló máa ń wà. Níwọ̀n bó sì ti jẹ́ pé àgbà ni yóò máa bá sọ̀rọ̀ jù nínú ilé yín, yín yẹn ló máa lò jù. Bó bá fẹ́ bi Màmá nípa oògùn tuntun tàbí bẹ́ẹ̀dì tuntun, "Ṣé ó ti mọ́ yín lára, mà?"

Ní ti ìgbà, kò le. Ohun tó ṣì ń bọ̀ lọ́nà: "Ó ń mọ́ mi lára díẹ̀díẹ̀." Ohun tó ti dé: "Ó ti mọ́ mi lára." Ohun tí a ṣì ń retí: "Kò tíì mọ́ mi lára." Èyí tó máa ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́rìn-ín ni ti ẹni tó ti jìnnà sí nǹkan: "Iyán gígún ò mọ́ mi lára mọ́." Mọ́ méjì nínú gbólóhùn kan! Ekíní ni tiwa, ti ìkẹyìn ni mọ́ tó ń sọ pé nǹkan ti dópin. Obìnrin tó ti ra ẹ̀rọ agúnyán ló sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ti rọ̀ bí ọwọ́ akọ̀wé.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí búrẹ́dì. Gẹ̀ẹ́sì ló kó ọmọ yín sí yọ́ọ́yọ́ọ́ níbí. Wọ́n ní gbólóhùn kan, used to, tó ń ṣe iṣẹ́ méjì tí kò bára tan. Nígbà mìíràn, ohun tí èèyàn ń ṣe nígbà kan rí tí kò ṣe mọ́ ló ń sọ. Nígbà mìíràn, ohun tó ti mọ́ èèyàn lára ni. Ọmọ náà wo inú ọ̀rọ̀ yẹn, ó rí lílo níbẹ̀, ó gbé lò jáde. Ẹ sọ fún un kó dá a padà síbi tó ti mú un. Bó bá jẹ́ pé ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń jẹ búrẹ́dì láràárọ̀, tó jẹ́ pé ògì àti àkàrà ló ń jẹ báyìí, kó sọ pé, "Tẹ́lẹ̀, mo máa ń jẹ búrẹ́dì láràárọ̀." Bó bá jẹ́ pé búrẹ́dì náà ni ara rẹ̀ ṣì ń bèèrè, kó sọ pé, "Búrẹ́dì ló mọ́ mi lára láàárọ̀."

Kó má sì rò pé ohun tí èèyàn máa ń ṣe ni ohun tó mọ́ ọn lára. Mo máa ń tò sórí ìlà ní bánkì lóṣooṣù. Títí di òní, títò sórí ìlà ò mọ́ mi lára. Máa ń ka iye ìgbà nìkan. Mọ́ lára ń bi ara léèrè.

Ó yá, bárakú.

Ẹ tú u palẹ̀: bá ara kú. Ohun tó bá wọ inú ara èèyàn tí kò ní jáde, tó jẹ́ pé òun àti ara náà ni wọn yóò jọ wọ sàréè. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi kọ́kọ́ rọ̀ mọ́ àìsàn. Ẹ yí rédíò sí ètò ìlera kankan, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ni wọ́n ń pè ní àìsàn bárakú, nítorí oògùn lè tẹ̀ wọ́n lórí ba ṣùgbọ́n ó ṣòro kó lé wọn lọ. Àgbàlagbà tó bá ń lọ sí ọsibítù lóṣooṣù láti gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹnu nọ́ọ̀sì ló ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Kí ọmọ tún wá kúnlẹ̀ níwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀ lálẹ́ kó ní, "Ẹ ti di bárakú fún mi." Mo rò pé Màmá ní sùúrù púpọ̀.

Lẹ́yìn àìsàn ni ọ̀rọ̀ náà kó lọ bá ọtí, sìgá, tẹ́tẹ́, àti lónìí, fóònù. "Tẹ́tẹ́ ti di bárakú fún un." Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti mọ́ lára hàn síta bí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan náà sílẹ̀. Ohun tó mọ́ mi lára, bí mo bá pa á tì, ara á kọ́kọ́ máa wá a, lẹ́yìn náà á gbàgbé. Ohun tó di bárakú, bí mo bá ní kò yá, òun ní kò lọ. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí: bọ́ọ̀lù wíwò ti di bárakú fún mi, orin ti di bárakú fún un. N kò bá wọn jà. Yẹ̀yẹ́ yẹn dùn gan-an nítorí pé àìsàn ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ẹgbẹ́ ni wọ́n ti ń sọ ọ́, pẹ̀lú ẹ̀rín. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìkúnlẹ̀.

Fara mọ́ ló kù, òun sì ni mo fẹ́ràn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí mọ́ kan náà ni, ara kan náà ni, ọ̀nà ni wọ́n yí padà. Fi ara mọ́ ni. Nígbà tí nǹkan mọ́ mi lára, nǹkan ló wá bá mi. Nígbà tí mo fara mọ́ nǹkan, èmi ni mo gbé ara mi, mo lọ fi tì í. Ìpinnu wà níbẹ̀. "Mo fara mọ́ ohun tí ẹbí sọ": ó ṣeé ṣe kó má dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n mo ti gbà. Nítorí náà, nǹkan méjèèjì lè má jọ rìn rárá. Obìnrin lè fara mọ́ iṣẹ́ tó gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí ìlú òkèèrè, kí àìsínílé ọkọ náà má sì mọ́ ọn lára láéláé. Ẹ tún wo òdì kejì rẹ̀: àìsí iná mànàmáná ti mọ́ gbogbo wa lára pátá ní Òṣogbo, kò sì sí ẹnìkan nínú wa tó fara mọ́ ọn. Bí ọmọ yín bá lè sọ gbólóhùn yẹn fúnra rẹ̀, tó sì mọ ìdí tí kò fi ta kora, a ti ṣe é.

Bó bá fẹ́ àpẹẹrẹ tó ju iná lọ, ẹ mú un lọ sí igbó Ọ̀ṣun, kó wo àwọn ère tó wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ìtàn Susanne Wenger fún un, ẹni tí ìlú sọ ní Àdùnní Olórìṣà. Ìlú Graz ní Austria ni wọ́n bí i sí ní 1915. Ó dé Nàìjíríà ní 1950, Ẹdẹ ló ti wọ inú ẹ̀sìn Ọbàtálá, ó sì wá fìdí kalẹ̀ sí Òṣogbo, sínú ilé kan tó wà ní Ọ̀nà Ìbòkun. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú yìí ni wọ́n jọ tún àwọn ojúbọ tó ti ń wó kọ́. Ní 2005, UNESCO kọ igbó náà mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Òṣogbo náà ló kú sí ní 2009.

Wọ́n lè sọ pé Òṣogbo mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lára, wọn ò parọ́. Ọdún tó lò nílùú pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò tó o. Ohun tí a lè sọ nípa òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbé wá láti Èkó nìyẹn, tó ti mọ ibi tí wọ́n ti ń ta àmàlà tó dáa, àmọ́ tó ṣì ń ka ọjọ́ tí wọn yóò tún gbé e lọ. Àdùnní fara mọ́ Òṣogbo. Ó tilẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, ó fara jìn fún Ọ̀ṣun. Òun ló gbé ara rẹ̀ wá.

Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tó wà ládùúgbò yìí, kí n kàn tọ́ka sí wọn. Bí oúnjẹ tàbí ojú ọjọ́ bá bá ara ẹni ṣe rẹ́gí, a ní ó bá mi lára mu. Èyí lè ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an, kò nílò kó pẹ́. Bí èèyàn bá ń ṣe nǹkan títí ó fi di ìṣe rẹ̀, ó ti sọ ọ́ dàṣà, ìbáwí sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀: "Mo gbà fún ẹ lónìí, má sọ ọ́ dàṣà o." Bí ìwà burúkú bá ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù, ojú kì í tì í mọ́. Bí ohun tó ń dunni bá wà tí a ò fẹ́ kó hàn, a mú un mọ́ra. Níbi tí mú mọ́ra ti jáde yìí, ẹ ṣàkíyèsí pé mọ́ra di ọ̀kan, nítorí ara ẹni tó ń ṣe é náà ni: ó fà á mọ́ra, ó gbá a mọ́ra, ó kó wọn mọ́ra. Nínú mọ́ lára, a gbọ́dọ̀ là á sí méjì kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè jókòó sáàárín. Bí ọmọ yín bá tún fẹ́ sọ pé "mo ti mọ́ra sí ata", ohun tí ẹ máa bi í nìyẹn: ta ló wà láàárín?

Ó ku èèyàn. Ṣé èèyàn lè mọ́ni lára? Ó lè ṣẹlẹ̀. Ọmọ jòjòló tí kò gbà kí ẹlòmíràn gbé òun, wọ́n á ní ìyá àgbà ló ti mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́n kì í sọ ọ́ sí àgbà lójú. Bó ṣe dùn tó lẹ́yìn wọn, tí a bá sọ ọ́ níwájú wọn ó máa ń dún bíi pé àga tàbí ata ni wọ́n. Fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tàbí tọkọtaya, mọwọ́ ló bá a mu: "A ti mọwọ́ ara wa." Màmá kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí náà kó má lo ìyẹn náà. Ilé ni kó fi ṣíwájú, kí ọkàn rẹ̀ tẹ̀ lé e. Kó tún kúnlẹ̀ lálẹ́ òní, kó sọ pé, "Màmá, ẹ má bínú. Ilé yín ti mọ́ mi lára, ọkàn mi sì ti fà mọ́ yín." Fà mọ́, mà, kì í ṣe fara mọ́. Bó bá sọ pé òun ti fara mọ́ wọn, Màmá lè tún bèèrè pé kí ni àwọn ṣe tí ó fi ń fara dà á.